Ẹni Tó Ń Di Ìdí Ọkọ̀ Mú

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó dùn mí jù. Èmi ọmọ Ìlá-Ọ̀ràngún, àgbà awakọ̀ tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ máa ń dọ̀bálẹ̀ kí ní gáréèjì, èmi ni mo wá ń nà gbalaja lórí ikùn lẹ́yìn ọmọ òyìnbó tí irùngbọ̀n kò tíì hù lágbọ̀n rẹ̀, láàárọ̀, lọ́sàn-án, lórí pákó tó léfòó sórí omi. Kì í ṣe pé mò ń kí wọn o. Iṣẹ́ tí wọ́n gbà mí sí nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ kò rí i rí, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ìdíje ọkọ̀ wíwà kárí ayé ni. Ọkọ̀ wọn tẹ́ẹ́rẹ́ débi pé bí ìdí èèyàn bá fẹ̀ díẹ̀, kò lè wọ̀ ọ́. Ọkọ̀ mẹ́sàn-án ló máa ń jọ sáré pọ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ tò sójú ìlà kan náà kí wọ́n tó gbéra, kí imú ọkọ̀ kan má ṣe ju ti ìkejì lọ. Omi ò sì í dúró jẹ́ẹ́. Nítorí náà, ẹnì kan á dùbúlẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, á na ọwọ́ méjèèjì, á di ìdí rẹ̀ mú. Bí ọ̀gá bá ní sún un síwájú, o sún un. Bó bá ní fà á sẹ́yìn, o fà á. Bí ìró ìgbéra bá dún, o jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó parí. Ẹnu rẹ ò gbọdọ̀ là.

Ẹnu ọmọ Ìgbómìnà, kó má là! Ẹ ò rí nǹkan.

Ní Ìlá, bọ́ọ̀sì ni mò ń wà, Ìlá sí Òṣogbo, lọ́jọ́ míì títí dé Ìlọrin. A ò ní omi ńlá nílùú wa, títí di òní n kò mọ̀ ọ́n wẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ọkọ̀ kúrò níbùdókọ̀. Ní gáréèjì wa, mọ́tò kan kì í gbéra láìjẹ́ pé wọ́n gbàdúrà sí i. Bí èrò bá ti pé, bàbá arúgbó kan tí gbogbo wa ń pè ní Àlùfáà á dìde lábẹ́ igi máńgòrò, á gbọ́wọ́ lé ẹ̀yìn ọkọ̀, á ní, "Ẹ ó lọ ire, ẹ ó bọ̀ ire. Ẹ ò ní ṣe àgbákò." Gbogbo èrò inú ọkọ̀, ìmàle àti onígbàgbọ́, á gbé àtẹ́lẹwọ́ lórí, wọ́n á ní "Àmín." Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń lọ sí Ìgbájọ ti ki nǹkan ìgbọ́rin bọ etí nígbà kan, kò dáhùn. Àwọn ìyá tó wà nínú ọkọ̀ ní kó bọ́ sílẹ̀. Wọ́n ní àdúrà tí wọ́n gbà fún ọ tí o ò ṣàmín sí, ṣé àwa ló yẹ ká bá ọ ṣe é ni? Ó sáré yọ nǹkan etí náà, ó ṣàmín lẹ́ẹ̀mẹta léra. Ibi tí mo ti wá nìyẹn.

Mo wá wá iṣẹ́ dé Pólàǹdì, ilẹ̀ òyìnbó. Òtútù kọ́ ló kọ́kọ́ gbomi lójú mi, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni parọ́ òtútù fún yín, ẹ̀wù wà fún òtútù. Àìkíni ni. Àárọ̀ ọjọ́ kìíní, mo wọ bọ́ọ̀sì, mo kí gbogbo wọn pọ̀ bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé. Gbogbo ọkọ̀ pa lọ́lọ́. Obìnrin kan rọra gbá báàgì rẹ̀ mọ́ àyà. Mo jókòó, mo ń wo ẹsẹ̀ ara mi títí tí mo fi sọ̀ kalẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wọ ọkọ̀ bí ẹni tó jalè.

Iṣẹ́ tí mo rí ni iṣẹ́ fífọ ọkọ̀ ní ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ ojú omi kan létí adágún. Màá fọ ọkọ̀, màá nù ún, màá gbé e kọ́. Bí omi náà ṣe tutù tó, bí mo bá parí iṣẹ́, màá di síbí mú láti jẹun, síbí á jábọ́, mi ò ní mọ̀. Ní Ìlá, bí mo bá sín, ẹni tí n kò tiẹ̀ rí á ti òdìkejì ọ̀nà pe "pẹ̀lẹ́ o." Níhìn-ín, mo ṣàìsàn nínú yàrá mi, ara mi yá, mo padà síbi iṣẹ́, kò sẹ́ni tó bi mí pé níbo lo wà. Ó ń ṣe mí bíi pé mo ti kú tí wọ́n kàn gbàgbé láti sin mí. Mo máa ń bi ara mi pé ta ni mí gan-an? Ní ilé, wọ́n lè ka ìdílé mi fún ọ láti ọ̀dọ̀ baba ńlá mi títí dé orí ewúrẹ́ tí a ń sìn. Níbí, ọkùnrin dúdú tó ń fọ ọkọ̀ ni mí. Bí ọkùnrin dúdú mìíràn bá wá lọ́la, á wọ bàtà òjò mi, ọkọ̀ á sì mọ́ bákan náà.

Fóònù ló ń gbé mi ró. Ìyàwó mi, Ràfíátù, ń ránṣọ ní Ìlá, nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lójú títì. Ọmọ wa, Àlímọ̀, ń rákò ni mo fi í sílẹ̀. Ó ti ń lọ sí iléèwé báyìí. Bàbá inú fóònù ló ń pè mí. Bí wọ́n bá bi í pé bàbá rẹ ńkọ́, á ní, "Wọ́n wà nínú fóònù, wọ́n ń gba iná lọ́wọ́." A máa ń rẹ́rìn-ín sí i. Bí mo bá gbé fóònù sílẹ̀ tán, ẹ̀rín náà kì í bá mi kúrò níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, Ràfíátù ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá Àlímọ̀, ẹ jẹ́ kí n sòótọ́ fún yín. Ó ti rẹ̀ mí. Àwọn ẹbí mi ń bi mí bóyá mo ṣì lọ́kọ. Mo ní mo lọ́kọ. Wọ́n ní kí n fi hàn wọ́n. Kí ni kí n fi hàn wọ́n, ṣé fóònù?"

Mo ní, "Ràfíátù, ìgbìyànjú ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo yìí ló kù."

Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀kan tí ẹ wí yìí náà ló kù lọ́wọ́ tèmi. Bí kò bá bọ́ sí i, ẹ má bínú sí mi o. Màá gba ilé bàbá mi lọ."

Kì í ṣe ẹnu lásán ni mo fi sọ pé ẹ̀ẹ̀kan ló kù. Ọ̀gá wa, obìnrin kan tó ń jẹ́ Bòsénà, tí ohùn rẹ̀ le ju ti sọ́jà lọ ṣùgbọ́n tí inú rẹ̀ dára, ló ti pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ìdíje àgbáyé ń bọ̀ sí adágún wa, òun ni wọ́n sì fi ṣe olórí àwọn tí yóò máa di ìdí ọkọ̀ mú. Ó ní ọwọ́ mi kì í gbọ̀n, pé òun ń fẹ́ mi níbẹ̀. Ó ní, "Bí ìdíje yìí bá lọ wọ́ọ́rọ́, ní Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, màá fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ gidi fún ọ." Ìwé yẹn ni òfin ń béèrè kí èèyàn tó lè ránṣẹ́ pe aya àti ọmọ. Láìsí i, ìyọ̀ǹda ìgbélùú mi kò ní pẹ́ tán, kò sì sí ọ̀nà mìíràn.

Inú mi dùn, mo ya òmùgọ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Ràfíátù lórí ìpè yẹn gan-an. Ẹ ò bá gbọ́ igbe! Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó ti gbé ṣọ́ọ̀bù fún aránṣọ mìíràn, ó ti ra bàtà tó nípọn fún Àlímọ̀, ó ti dágbére fún ìyá rẹ̀ ní Ọ̀rà. Mo ní kó ṣe sùúrù. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n yọ̀ jàre. Ó pẹ́ tí mo ti yọ̀ kẹ́yìn."

Ìdíje dé. Àsíá ilẹ̀ gbogbo ń fẹ́ lẹ́lẹ́, ìlú kún bí ọjọ́ ọdún iléyá. Wọ́n fún mi ní ẹ̀wù tuntun àti káàdì tí wọ́n kọ orúkọ mi sí, tí mo gbé kọ́rùn. Ọmọbìnrin kan lẹ́nu ọ̀nà ka orúkọ náà jáde, ó pè é tán láìṣì í, ó sì bi mí pé ṣé bí wọ́n ṣe ń pè é nìyẹn. Ẹ gbà mí, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ ọn. Mo ní kí ọkùnrin kan ya fọ́tò mi ránṣẹ́ sílé. Ìdúró ni mo dúró o! Bí àwọn ará Ìlá bá rí mi nílẹ̀ lẹ́yìn ọmọdé, wọ́n á ní ta ni mo jẹ ní gbèsè.

Lórí pákó yẹn, àdúrà ló ń dà mí láàmú. Ẹni tó ti wa ọkọ̀ ní gáréèjì Ìlá kò lè di ìdí ọkọ̀ mú, kí ọkọ̀ náà fẹ́ gbéra, kí ọ̀fun rẹ̀ má yún un. Ọmọ Jámánì ni o, ọmọ Ṣáínà ni o, màá gbàdúrà fún un nínú ikùn mi, màá pa ẹnu dé. Bòsénà ti kìlọ̀ fún gbogbo wa: ẹni tó bá bá eléré sọ̀rọ̀ lórí ìlà, iṣẹ́ rẹ̀ tán. Mo gbọ́, mo sì tẹ̀ lé e, títí di ọjọ́ tó ṣáájú àṣekágbá.

Ìdíje àwọn obìnrin ni lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Irú ọkọ̀ tiwọn yìí, orí eékún ni wọ́n ń wà nínú rẹ̀, wọ́n á fi àjẹ̀ kan ṣoṣo tu omi. Àwọn díẹ̀ tó bá ṣíwájú ni yóò wọ àṣekágbá. Mo nà sílẹ̀ sí àyè tèmi, mò ń retí ọkọ̀ tó kàn mí. Mo rí ẹ̀wù aláwọ̀ ewé àti funfun. Ọmọ Nàìjíríà ni! Ọmọbìnrin kan tí èjìká rẹ̀ fẹ̀, tó dúdú dán. Ó rọra fẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ bọ̀ wá bá mi, mo di ọkọ̀ náà mú. Kò wojú mi. Ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, mo wá gbọ́ ọ: "Olúwa, má dójú tì mí o. Má jẹ́ kí wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín nílé."

Yorùbá! Kì í ṣe nínú fóònù. Nínú afẹ́fẹ́, níwájú mi báyìí, látẹnu èèyàn ẹlẹ́ran ara. Mo gbójú sókè, ọmọ náà wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú àgbàlagbà, bí ọmọ tí wọ́n kọ́ ṣe ń kúnlẹ̀ kó tó rìnrìn àjò. Ọwọ́ mi sì wà lẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, n kò rò ó. N kò mọ ìgbà tó jáde.

Mo ní, "O ó lọ ire, o ó bọ̀ ire. O ò ní ṣe àgbákò."

Kí ni ọmọ tó gbẹ̀kọ́ ń ṣe bí àgbà bá gbàdúrà fún un? Ó tẹrí ba. Ó ṣí ọwọ́ kan kúrò lára àjẹ̀, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lórí, ó ní, "Àmín, sà."

Ìró ìgbéra dún.

Mo jọ̀wọ́ ọkọ̀. Àwọn tó kù ti fò lọ. Tiẹ̀ ṣì dúró síbẹ̀, ó ń wá àjẹ̀ rẹ̀ mú. Mo pariwo, "Lọ! Lọ!" Háà, ọmọ náà lágbára! Ó lé wọn, ó ń ya omi bí aṣọ, ó kọjá ẹnì kan, ó kọjá ẹlòmíì, mo ti dìde lórí eékún, mo gbàgbé ara mi. Ó ku bí ìwọ̀n ọ̀pá àjẹ̀ kan kó bá ẹni tó gba àyè ìkẹyìn nínú àwọn tó wọlé. Ibẹ̀ ni eré ti parí mọ́ ọn lọ́wọ́, kò wọlé.

Ní èbúté, kóòṣì rẹ̀, olórí ikọ̀ wọn, ń fọwọ́ gbá itan. "Kí ló ṣe ọ́? O sùn sórí ìlà ni?"

"Mi ò tètè gbọ́ ìró yẹn, sà."

"Ṣé nǹkan kan dí ọ lọ́wọ́? Sọ fún mi báyìí kí n sáré lọ fẹjọ́ sùn, wọn ò ní gba ẹjọ́ pẹ́ o."

Mò ń gbé ọkọ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ọmọbìnrin náà wò mí. Ó ní, "Kò sí nǹkan kan, sà."

Mo dúró dè é lẹ́yìn ibi tí wọ́n ń to ọkọ̀ sí. "Àbúrò, kí ló dé tí o ò sọ?"

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, àdúrà lẹ gbà fún mi. Kí n wá máa fẹjọ́ àdúrà sùn? Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ tí á ṣe é gbọ́ létí? Wọ́n á sì lé yín." Ó jẹ́ ọmọ Ẹ̀pẹ́, orí ọkọ̀ apẹja ni bàbá rẹ̀ ti kọ́ ọ ní àjẹ̀ títù. Ó ní wọ́n ti ṣèlérí pé bí òun bá lè wọ àṣekágbá, àwọn yóò gba òun sí ibi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ níbí. Ó ní, "Mò ń padà sílé nìyẹn. Ẹ má dá ara yín lẹ́bi, sà. Ọlọ́run kò kọ ọ́ mọ́ mi ni." Ó sì lọ fọ ọkọ̀ rẹ̀. Òun nìkan. Mo rí i bí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe ń gbọ̀n.

Fóònù mi dún lápò. Ohùn Ràfíátù tí ó gbà sílẹ̀ ránṣẹ́ sí mi ni, àwọn obìnrin ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn rẹ̀. "Bàbá Àlímọ̀, ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kí mi kú oríire! Mọ́ńdè ń bọ̀ o!"

Ọkàn mi ní, pa ẹnu rẹ dé. Ta ló gbọ́? Kò sẹ́ni tó gbọ́. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ti dákẹ́. Mo jókòó sórí pákó, mo ní màá gbé e mì bí mo ṣe ń gbé gbogbo àdúrà yòókù mì. Kò lọ. Ẹ̀yìn ọmọ ọlọ́mọ tó ń gbọ̀n yẹn kò jẹ́ kó lọ. Mo dìde, mo wọ àgọ́ àwọn adájọ́, mo fi Gẹ̀ẹ́sì tí mo ní sọ ọ́ fún wọn: èmi ni mo bá a sọ̀rọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ṣí nítorí tèmi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún un láyè.

Bàbá kan tó ní irun funfun wo aago. Ó ní àsìkò ẹjọ́ ti kọjá, àti pé olórí ikọ̀ rẹ̀ nìkan ló lè fẹjọ́ sùn. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo sọ òótọ́. Ó dúpẹ́! Mo rò pé òótọ́ yóò ṣe ẹnì kan nínú wa láǹfààní. Kò ṣe ẹnikẹ́ni.

Bòsénà wà lẹ́nu ọ̀nà àgọ́ náà. Ojú rẹ̀ pọ́n bí ata. Ó ní, "Ta ló bi ọ́? Ta ló bi ọ́ léèrè?" Ó ní, "Ǹ bá fọwọ́ sí ìwé náà fún ọ. Gbogbo wọn ti gbọ́ báyìí, báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún wọn pé ìwọ ni mo fẹ́ gbà síṣẹ́?" Òun fúnra rẹ̀ ló bọ́ káàdì náà kúrò lọ́rùn mi. Èmi ni mo bá a tú okùn tó kọ́ irun mi.

Mo pe Ràfíátù ní ìrọ̀lẹ́. Mo sọ ọ́ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, n kò fi ọ̀kan pamọ́. Ó gbọ́ mi tán.

Ó ní, "Ṣé wọ́n wá dá ọmọ náà padà sínú eré?"

"Rárá."

"Ṣé ẹnì kan mọ̀ kí ẹ tó sọ ọ́?"

"Rárá."

"Kí lẹ wá sọ ọ́ fún, Bàbá Àlímọ̀? Kí lẹ sọ ọ́ fún?"

Ó ní, "Ẹ ṣàánú ọmọ ọlọ́mọ. Ó dára. Ta ni yóò ṣàánú tèmi?" Mo gbọ́ tí fóònù bọ́ lu nǹkan. Lẹ́yìn náà, mo gbọ́ mímí ọmọ kékeré létí mi.

"Àlímọ̀, gbé fóònù fún ìyá rẹ."

"Wọ́n ń sunkún. Wọn ò lè gbà á. Èmi ni kí ẹ sọ fún."

Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi ní Pólàǹdì, mo sọ fún ọmọ mi pé òun àti ìyá rẹ̀ kò ní lè wá mọ́. Mo ní mi ò mọ ìgbà tí màá rí i. Mo ní kó má bínú. Ó fi ohùn jẹ́jẹ́ kan tí n kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí dá mi lóhùn, ohùn tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ láti kí àlejò.

Ó ní, "Ẹ kú ìrọ́jú, sà."